Pòròpórò Ọkà Bàbà: Aró Pupa Tí À Ń Fi Iná Sun Lóko

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti oògùn kòkòrò. Ọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò béèrè pé kí ló kan àgbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ẹ fara balẹ̀ ná.

Nígbà tí a bá kórè ọkà bàbà tán, láàrin oṣù kejìlá sí oṣù kìn-ín-ní, orí ọkà ni à ń rù lọ sílé. Pòròpórò a wà nílẹ̀ lóko. A lè mú díẹ̀ ṣe ọgbà, a lè mú díẹ̀ dáná, màlúù a jẹ nínú rẹ̀, iná oko a sì jó ìyókù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo pòròpórò náà dáadáa, ẹ ó rí i pé ewé ọkà kò kàn yọ lára igi rẹ̀ lásán. Ìdí ewé ní àpò kan tí ó wé mọ́ igi náà yíká. Nínú àwọn irú ọkà kan, àpò yìí a máa pọ́n bí ó bá ti ń gbẹ, pupa tí ó ṣú bí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì. Àpò ewé yìí ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.

Àwọn bàbá wa mọ ìwúlò rẹ̀. Ní ìlú Ọ̀yọ́, àwọn oníṣọ̀nà awọ, àwọn tí ń ṣe tìmùtìmù àti àpò, inú pòròpórò ni wọ́n ti ń rí pupa tí wọ́n fi ń pa awọ ewúrẹ́ láró. Àwọn Hausa tilẹ̀ ní orúkọ fún irú ọkà tí wọ́n ń gbìn nítorí aró rẹ̀: karan dafi ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ìyá eléwé ọmọ ṣì ń tà á ní dìdì fún àgbo, pàápàá fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ní Gánà, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n ń sè pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní waakye, àpò ewé ọkà yìí ló fún un ní àwọ̀ rẹ̀. Wọ́n á fi káún díẹ̀ sínú omi náà kí pupa lè jáde dáadáa.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni ti wàrà. Kò sí ẹni tí kò mọ wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń kiri ní Kómu, ní Òtu àti ní Ṣakí. Oje bọ̀mùbọ̀mù ni wọ́n fi ń mú wàrà dì lórí iná kí wọ́n tó dà á sínú agbọ̀n kí omi ro. Funfun ni wàrà tiwa. Bí ẹ bá kọjá ẹnubodè, tí ẹ wọ ilẹ̀ Ìbàrìbá lápá Parakou ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ ó rí wàrà pupa lórí àtẹ. Wàrà kan náà ni, ọwọ́ àwọn ìyá Fúlàní kan náà ló ṣe é. Wọ́n sè é nínú omi pòròpórò ni, tí ara rẹ̀ fi pọ́n, tí inú rẹ̀ sì wà ní funfun síbẹ̀. Èyí tí kò bá tà lónìí, wọ́n á tún un sè lọ́la.

Kí n tó dé orí ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ṣe nípa rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹlú, nítorí ọjà àwọ̀ kan náà ni, ẹlú ló sì kọ́kọ́ kó sí i.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹlú ni ìyá aró. Wọ́n á gún ewé rẹ̀, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí ó wọ aṣọ òfì Ìséyìn láyé àtijọ́, tí ó jẹ́ aláwọ̀ aró, ẹlú ló wọ̀. Ní ọdún 1856, ní ìlú London, ọmọ ọdún méjìdínlógún kan tí wọ́n ń pè ní William Perkin ń wá bí yóò ṣe fi ọwọ́ ṣe kíníìnì, oògùn ibà. Ohun tí wọ́n ń rí nínú ọ̀dà èédú ni ó fi ń dán an wò. Kò rí oògùn ibà. Àwọ̀ èsè àlùkò ló bá pàdé nínú ìgò rẹ̀. Ibẹ̀ ni aró òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1897, ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí ó dà bí ti ẹlú gẹ́lẹ́, tí kò sì sí ewé kankan nínú rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn àgbẹ̀ India tí ń gbin ewé aró fún gbogbo ayé kò rí ẹni ra ewé wọn mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé wa pẹ̀lú. Ní Abẹ́òkúta, sódà àti aró òyìnbó ti wọ ọwọ́ àwọn aláró nígbà tí ó fi di ọdún 1920 sí 1930. Àwọn kan ní aṣọ kò lálòpẹ́ mọ́, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá sì fòfin dè é. Ní ọdún 1936, àwọn ìyá aláró dìde, wọ́n ní àwọn kò gbà. N kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí ó bá ti jó eérú, tí ó sẹ́ ẹ, tí ó sì dúró dè é lọ́jọ́ pípẹ́, yóò mọ ìdí tí aró inú agolo fi dùn mọ́ wọn. Ohun tí ó dùn mí nínú ìtàn náà ni pé nígbà tí ọjà ẹlú ń kú lọ, kò sí ẹnì kankan tí ó bá àwọn tí ń já ewé ẹlú jókòó láti bá wọn ṣírò ohun tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀. Lónìí, òwú tí wọ́n ti pa láró wá láti ilé-iṣẹ́ ni púpọ̀ nínú àwọn ahunṣọ Ìséyìn ń rà.

Àwọ̀ tí wọ́n ń ṣe nílé-iṣẹ́ kò dúró sára aṣọ. Ó wọ inú oúnjẹ: súìtì, bísíkíìtì, mínírà, omi dídì tí àwọn ọmọ wa ń mu. Fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sí ẹni tí ó bìkítà. Nígbà tí ó yá ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2005, ní ìlú Ọba, wọ́n kó oúnjẹ tí ó lé ní irínwó oríṣi kúrò lórí àtẹ nítorí pé ata gígún tí wọ́n fi sí ọbẹ̀ ìgò kan ní àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Sudan I nínú, àwọ̀ tí a ń pa epo ẹ̀rọ àti ìpara bàtà láró, tí wọ́n sì ń fura sí pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí ní Southampton sọ pé àwọn àwọ̀ oúnjẹ kan lè mú kí ara àwọn ọmọdé kan máa yá gágá ju bó ṣe yẹ lọ, kí wọ́n má lè fọkàn sí nǹkan kan. Láti oṣù keje ọdún 2010 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti pàṣẹ pé ẹni tí ó bá fi ọ̀kan nínú àwọn àwọ̀ mẹ́fà náà sí oúnjẹ gbọ́dọ̀ kọ ìkìlọ̀ sára páálí rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Amẹ́ríkà fagi lé ọ̀kan nínú àwọn àwọ̀ pupa tí wọ́n ti ń lò tipẹ́, Red 3, nítorí pé ó fa jẹjẹrẹ fún akọ eku nínú ilé ìwádìí.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ní ọdún 2015, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ ní Gánà yẹ epo pupa wò ní àwọn ọjà Accra. Nínú ọgọ́rùn-ún ìdá epo tí wọ́n yẹ̀ wò, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ló ní Sudan IV nínú. Ẹ gbọ́ o, epo pupa tí Ọlọ́run ti fún ní pupa tirẹ̀! Àwọn oníṣòwò ń fẹ́ kí ó pọ́n sí i kí ó lè yá lọ́wọ́. NAFDAC náà ti kìlọ̀ fún wa nípa irú epo bẹ́ẹ̀ nílé níbí. Àwa tí a ń ra epo láti apá ìsàlẹ̀ wá sí Òkè-Ògùn, kí a máa wo ojú epo kí a tó sanwó.

Nítorí wàhálà wọ̀nyí ni àwọn ilé-iṣẹ́ oúnjẹ fi ń wá pupa tí ó ti ara ewéko wá. Ìṣòro wọn ni pé púpọ̀ nínú àwọ̀ ewéko kì í pẹ́. Ẹ wo ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe sóbò. Ó lẹ́wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ nínú ìgò tàbí tí oòrùn pa á, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Ibí yìí ni ọkà bàbà ti yàtọ̀. Ní ọdún 1969 àti 1971, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Nip àti Burns, ti ya àwọn èròjà tí ó ń mú ọkà pọ́n sọ́tọ̀. Apigeninidin ni orúkọ ọ̀kan tí ó ṣe pàtàkì nínú wọn. Ní ọdún 2004, Awika àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas fi hàn pé àwọ̀ ọkà yìí kò tètè ṣá bí ti àwọn èso àti òdòdó, bí omi tí ó wà nínú rẹ̀ bá tilẹ̀ yí padà láti kíkan sí èyí tí kò kan.

Kí ló dé tí ọkà fi ń pọ́n? Ìyẹn ni ó wù mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ẹ ti rí i lóko: níbi tí àìsàn bá ti mú ewé ọkà, àmì pupa a yọ yí ojú egbò náà ká. A máa ń rò pé àìsàn ni pupa yẹn. Ní ọdún 1987, Nicholson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wo inú ọkà tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bá, wọ́n sì rí i pé ọkà náà fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe pupa, tí ó ń kó o jọ síbi tí àìsàn ti fẹ́ wọlé. Ohun ìjà ni. Bí àgbẹ̀ ṣe ń sáré mú àdá nígbà tí ejò bá wọ oko ni ọkà ń ṣe.

Ní ọdún 2011, Ọ̀mọ̀wé Polycarp Kayodé ti Yunifásítì Abomey-Calavi ní Benin, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Wageningen ní Netherlands àti láti Vienna ní Austria, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àpò ewé irú ọkà tí wọ́n ń gbìn fún aró níbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé èròjà pupa inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí a sábà máa ń rí nínú ọkà lọ fíìfíì. Kì í ṣe inú kóró ọkà ló pọ̀ sí o, inú àpò ewé tí a ń sun ni.

Ní ọdún 2018, Folachodé Akogou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ bí àwọn ènìyàn Benin ṣe ń yọ aró náà. Àwọn kan ń fi omi gbígbóná àti káún yọ ọ́, àwọn kan ń fi omi tútù àti káún. Wọ́n tún dán ohun tí àwọn ènìyàn gbàgbọ́ wò, pé wàrà pupa kì í tètè bàjẹ́ bíi ti funfun. Wọ́n fi kòkòrò àìfojúrí àti irú èyí tí ń hu sára oúnjẹ sí wàrà pupa. Wọ́n hù bí wọ́n ṣe máa ń hù. Aró náà kò dá wọn dúró. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún yín pé pòròpórò yóò pa wàrà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ sọ fún un pé àwọ̀ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Sísè tí wọ́n ń tún wàrà sè lójoojúmọ́ ni ó ń pa á mọ́. Inú mi dùn pé wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọjà tí a bá fi irọ́ tà kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó tún tẹ̀lé e ni ti ohun tí a fi ń di oúnjẹ. Ewé ni tiwa látijọ́: ewé eéran, ewé gbòdògì, ewé tíìkì tí ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí wọ́n ti gbin igi tíìkì. Láílọ́ọ̀nù ló lé wọn lọ, tí ó fi di pé inú rẹ̀ ni àwọn kan ń se mọ́ínmọ́ín sí, tí ó sì kún gbogbo kòtò. Àwọn onímọ̀ ti ń wá awọ fẹ́lẹ́ tí a lè fi di oúnjẹ, tí a sì lè jẹ pọ̀ mọ́ ọn. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń fi dán an wò: wọ́n á pò ó mọ́ omi àti gilísárìn, wọ́n á sè é títí yóò fi ki, wọ́n á dà á pẹlẹbẹ, á wá gbẹ di awọ tí ó mọ́lẹ̀ kedere. Ó dára, ṣùgbọ́n bí ó bá rí omi, á rọ̀. Ní London, nígbà eré ìje gígùn ọdún 2019, ohun mímu inú awọ tí wọ́n fi ewéko inú òkun ṣe ni wọ́n fún àwọn sárésáré. Wọ́n jẹ ẹ́ tomi tawọ.

Ọkà bàbà náà kò gbẹ́yìn. Ní Yunifásítì Pretoria ní South Africa, wọ́n yọ èròjà kan tí wọ́n ń pè ní kafirin láti inú kóró ọkà, wọ́n sì fi bo èso píà. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2011 sọ pé èso náà kò tètè gbó jù bí èyí tí wọn kò bò, ṣùgbọ́n kò dá omi ara rẹ̀ dúró. Nítorí náà, iṣẹ́ ṣì kù. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí jù ni àdàpọ̀ awọ àti aró. Ẹran tàbí ẹja tí ó bá ń bàjẹ́ a máa tú atẹ́gùn kan jáde tí ó ń ṣe bíi káún. Àwọ̀ ewéko púpọ̀ sì ni káún ń yí padà, bí ẹ ti mọ̀ láti inú ìkòkò yín. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n ti ń pò àwọ̀ ìṣápá pupa àti ti àwọn ewéko mìíràn mọ́ awọ fẹ́lẹ́ yìí, kí awọ náà lè yí àwọ̀ padà fúnra rẹ̀ tí ẹran inú rẹ̀ bá ti ń bàjẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ rà á kò ní nílò láti fi imú gbọ́ ọ.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ kàn wá. Irú ọkà tí àpò ewé rẹ̀ pọ́n ń dínkù lóko wa. Àgbàdo tètè ń gbó, ó sì ń rówó, nítorí náà ó ti gba ilẹ̀ ọkà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá kíkó ọkà báálì fún ọtí bíà wọlé dúró ní ọdún 1988, àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí yíjú sí ọkà tiwa, ṣùgbọ́n èyí tí kò pọ́n ni wọ́n fẹ́. Àwọn onímọ̀ irúgbìn pẹ̀lú, ní Amẹ́ríkà àti ní Áfíríkà, ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yan ọkà tí ara rẹ̀ kò ní aró, kí ìyẹ̀fun lè funfun. Wọn kò ṣe àìdáa, ìyẹ̀fun funfun ni ọjà ń béèrè. Ṣùgbọ́n irúgbìn tí a kò bá gbìn fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin, inú aká ẹnìkan ni yóò kú sí, kò sì sí ilé ìtajà tí a ti lè lọ ra òmíràn.

Ọjà rẹ̀ wà, bí kò tilẹ̀ tíì pọ̀. Ní Èkó, ilé-iṣẹ́ Health Forever ti ń fi àpò ewé ọkà ṣe oògùn tí wọ́n ń pè ní Jobelyn, NAFDAC sì fọwọ́ sí i. Àwọn eléwé ọmọ ń rà á lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá gbé dìdì kọ̀ọ̀kan lọ sí ọjà, iye tí wọ́n bá sọ ni yóò gbà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó bá kó àpò ewé ogún oko pọ̀, tí ó wọ̀n ọ́n, tí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé, ó lè jókòó pẹ̀lú oníṣòwò kí wọ́n sọ̀rọ̀ iye. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan tí ó bá ní kí ẹ kó irúgbìn yín lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ewé ni kí ẹ tà.

Bí a ó ṣe ṣe é nìyí. Ọkà tí ó ti gbó ni kí ẹ bó àpò ewé lára rẹ̀. Ọkà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ní májèlé tí ń pa ẹran, ẹ̀yin olówó màlúù àti ewúrẹ́ mọ èyí dáadáa. Ẹ bó o kí ìrì tó pọ̀ jù, ẹ yọ ewé gbọọrọ kúrò, kí ẹ mú àpò rẹ̀ nìkan. Abẹ́ òjìji ni kí ẹ sá a sí, nítorí oòrùn ń jẹ àwọ̀. Èyí tí ó bá ti hu funfun, ẹ má fi kún un. Inú àpò tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe láílọ́ọ̀nù. Ẹni tí yóò fi se oúnjẹ, kí káún rẹ̀ má pọ̀, nítorí káún tí ó pọ̀ ń ba ohun tí ń ṣara lóore jẹ́ nínú ẹ̀wà àti ìrẹsì.

Ní ti irúgbìn, kí a tó gé ọkà ni kí a ti yàn án, kì í ṣe lẹ́yìn tí a ti pa á tán. Ẹ rìn yí oko ká nígbà tí ọkà bá ti gbó, kí ẹ so okùn mọ́ igi tí àpò ewé rẹ̀ pọ́n jù, tí orí rẹ̀ sì tóbi. Àárín oko ni kí ẹ ti mú wọn, kì í ṣe etí ibi tí ọkà funfun aládùúgbò wà, nítorí atẹ́gùn lè ti gbé ti ọkà funfun wọ inú rẹ̀. Orí bíi ogún tó. Ẹ so wọ́n sókè àdìrò ní tẹsẹ̀tẹsẹ̀ wọn, níbi tí èéfín yóò ti máa fẹ́ sí wọn títí di ìgbà òjò, kí ẹ fún ẹnì kejì nínú ẹgbẹ́ ní ìdajì rẹ̀, kí ó lè so tirẹ̀ sókè àdìrò lọ́tọ̀.